Sikirínì láptọ́ọ̀pù mi kú, mo pààrọ̀ rẹ̀ nílé: ohun tí ojú mi rí

Oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan rèé tí mo ti ń lo sikirínì tuntun tí mo fi ọwọ́ ara mi dè mọ́ láptọ́ọ̀pù mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ní sùúrù kí n tó kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni, torí pé kò sí sikirínì tí kì í dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun méjì ni mo rà kí iṣẹ́ náà tó parí. Àkọ́kọ́ ni okùn iná LED tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ tún iná ẹ̀yìn sikirínì ṣe, ìkejì sì ni odindi sikirínì. Mo kábàámọ̀ ti àkọ́kọ́. Ìkejì ni mo fi ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Láti ìsàlẹ̀ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ sikirínì, lápá òsì, kọ́kọ́ ṣókùnkùn bí ìgbà tí òjìji bá bọ́ sí ojú kan, ìyókù sì mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo nù ún títí ó sú mi. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, pàápàá tí mo bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí i, fáànù rẹ̀ ń yí, iná bọ́tìnì rẹ̀ tàn, àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe, Yorùbá ni mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ojú ìwé 40 tó yẹ kí n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì sì wà nínú rẹ̀. Ara mi kò balẹ̀ rárá.

Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì ra nǹkan kan. Tọ́ọ̀ṣì ni kó kọ́kọ́ wá. Mo pa iná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo gbé e sún mọ́ sikirínì náà láti ẹ̀gbẹ́. Báìbáì báyìí, bí ìwé tó wà nísàlẹ̀ omi, mo rí ojú ìwé tí mo fi sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ọkàn mi wálẹ̀.

Sikirínì LCD kì í dá ìmọ́lẹ̀ mú wá. Gíláàsì tó ń ya àwòrán ló wà níwájú, iná sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ gíláàsì yẹn ni pé kó dínà mọ́ iná níhìn-ín, kó sì jẹ́ kó kọjá lọ́hùn-ún. Tí iná bá kú, àwòrán ṣì ń bẹ, ojú wa ni kò lè rí i. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́, kí LED tó gbòde ní nǹkan bí ọdún 2009 sí 2010, ọ̀pá iná tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní CCFL ló wà níbẹ̀. Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀dù kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ inverter ló sì ń gbé iná rẹ̀ sókè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún volt. Ẹni tó bá ṣì ń lo irú rẹ̀, kó má fọwọ́ kan inverter náà nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. LED wẹ́wẹ́ ló tò sí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo tún fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán jáde kedere, mo sì tibẹ̀ fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ránṣẹ́. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo pa á dé, mo tún ṣí i díẹ̀díẹ̀, bóyá wáyà tó gba inú híńjì kọjá ló ti já. Kò sí ìyàtọ̀. Iná ẹ̀yìn ló kú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Okùn LED ni mo wá rà, torí pé owó rẹ̀ rọjú ju ti odindi sikirínì lọ. Bọ́ọ̀dù kékeré kan bá a wá pẹ̀lú wáyà mẹ́rin: ọ̀kan ń gbé iná wọlé, ọ̀kan ń gbé e padà, ọ̀kan ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó tàn, ìkẹrin sì ń sọ bí yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi so wáyà, ni mo fi jó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ bọ́ọ̀dù sikirínì. Okùn yẹn fúnra rẹ̀ kò lábùkù, òtítọ́ ni kí n sọ. Ó mọ́lẹ̀, gígùn rẹ̀ bá ti tèmi mu, lẹ́ẹ̀dì sì tètè mú un. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ibi tí okùn náà máa wà ni wàhálà.

Mo bó téèpù dúdú tó yí etí sikirínì ká, mo gbé gíláàsì kúrò, mo wá bá awẹ́ lórí awẹ́. Awẹ́ méjì kọ́kọ́ wà lókè tó ń dán yinrinyinrin, ìlà inú wọn wẹ́ débi pé ojú lásán kò lè kà wọ́n. Òmíràn tẹ̀ lé wọn tó funfun bí omi mílíìkì, òun ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Ike kan wà lábẹ́ ìyẹn, ó mọ́ gaara, àmì tóótòòtóó sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Awẹ́ funfun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síwájú ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. LED máa ń tàn sí etí ike tó mọ́ gaara yẹn, ìmọ́lẹ̀ á máa sáré lọ nínú rẹ̀, ibi tó bá ti kan àmì tóótó ló ti ń yà jáde. Ìdí nìyí tí iná tó wà ní etí kan ṣoṣo fi ń kárí gbogbo ojú sikirínì. Mo jókòó tì í, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti etí, mo ń wo bó ṣe ń mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí mo ti ń tẹ̀wé ti pẹ́, n kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn lẹ́tà mi.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé gíláàsì náà padà ni ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nísàlẹ̀ gíláàsì, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló so méjèèjì pọ̀, wáyà inú ọ̀rá yẹn sì wẹ́ ju irun orí lọ. Bọ́ọ̀dù náà yọ̀ wálẹ̀ láti etí tábìlì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá náà sì ṣẹ́po. Ojú mi ló ṣe. Mo rọra tẹ́ ẹ padà, mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kó má ṣe nǹkan kan.

Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo lò nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tàn án, iná sì dé! Mo pariwo. Ariwo yẹn kò pẹ́. Ìlà méjì gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé, níbi tí ọ̀rá ti ṣẹ́po gan-an. Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò mi hàn gbangba nítòsí àárín. Eruku sì ti wọ àárín àwọn awẹ́ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ilẹ̀kùn, mo pa fáànù, mo sì fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń tẹ Yorùbá nìkan ló máa mọ bí eruku yẹn ṣe bà mí nínú jẹ́ tó. Ẹ̀ẹ́rún dúdú kan dúró sí ojú kan, kò kúrò níbẹ̀. Mo kọ "ẹ wo ilé náà", gbólóhùn náà bọ́ sí orí ẹ̀ẹ́rún yẹn, mo sì ka "ẹ wọ ilé náà". Èwo ni kí n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi? Mo máa ń yí ojú ìwé sókè sódò kí n tó mọ èyí tó jẹ́ àmì àti èyí tó jẹ́ eruku. Mo fara dà á fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Odindi sikirínì ni mo wá rà. Ẹ má fi orúkọ láptọ́ọ̀pù nìkan ra sikirínì, torí pé láptọ́ọ̀pù kan náà lè jáde pẹ̀lú oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nọ́ńbà tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn sikirínì ni kí ẹ wò. NT156WHM-N42 ni wọ́n kọ sí tèmi. 156 inú rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀, íǹṣì 15.6, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B156, LP156 àti N156. Ẹ tún ka eyín tó wà lẹ́nu ibi tí wáyà ń wọ̀. Eyín 30 ni tèmi. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi ní eyín 40, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó tọ̀nà ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Mo dá a padà, wọ́n sì gbà á láìjanpata, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan ti lọ.

Àsìkò yẹn ni mo ronú pé kí ló dé tí n kò kúkú fi ra èyí tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Pixel, ìyẹn tóótó wẹ́wẹ́ tó ń ya àwòrán, 1366×768 ni ti àtijọ́, oríṣi TN, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà téèyàn bá ti tẹ orí díẹ̀. Mo wo ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà gbé jáde, mo rí i pé wáyà kan náà ni wọ́n ń lò fún èyí tó jẹ́ 1920×1080. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ǹ bá má dán an wò, torí pé àwọn wáyà kan wà tí kò lè gbé ju ti kékeré lọ. Èyí tó jẹ́ IPS, oríṣi tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà bẹ́ẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í sì í dán, ni mo mú.

Ìṣẹ́jú 40 ni mo fi dè é. Mo pa láptọ́ọ̀pù, mo yọ wáyà iná, mo ṣí ìdí rẹ̀, mo yọ ẹnu bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù kí n tó fọwọ́ kan sikirínì rárá. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Iná tó ń lọ sí ẹ̀yìn sikirínì máa ń gba inú fíùsì kékeré kan kọjá lórí bọ́ọ̀dù ńlá. Tí ẹnu wáyà bá wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀, fíùsì yẹn lè jó, sikirínì tuntun yín á sì ṣókùnkùn bí èyí tí ẹ yọ.

Sukurúù méjì wà lábẹ́ rọ́bà kékeré ní igun férémù. Mo yọ wọ́n, mo fi ike pẹlẹbẹ wọ etí férémù náà yí po, ó ń dún pàù, pàù, bó ṣe ń ṣí. Ẹ̀rù ìró yẹn máa ń ba èèyàn, àmọ́ kò ṣẹ́. Sukurúù mẹ́rin ló di sikirínì mú. Mo da ojú rẹ̀ dé orí aṣọ tí mo tẹ́ sórí kíbọ́ọ̀dù, mo ṣí téèpù orí ẹnu wáyà, mo gbé irin róbótó tó há a mọ́ sókè, mo wá fà á jáde ní gbọọrọ, kì í ṣe sókè. Mo ti tuntun bọ̀ ọ́, mo dá bátìrì padà, mo sì tàn án kí n tó da férémù bò ó. Mo fi funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kún ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá èyí tó kú nínú pixel, n kò rí. Ìgbà yẹn ni mo tó bó ọ̀rá tó bo ojú rẹ̀.

Bó ṣe rí lójú mi lẹ́yìn oṣù méjì ni pé lẹ́tà mú kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú íǹṣì kan, pixel bí 100 ló wà lójú ti àtijọ́, 141 ló wà lójú tuntun. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ kò lẹ̀ mọ́ lẹ́tà mọ́, àyè wà láàárín wọn, mo sì ń rí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lára "ọ̀" láì na ọrùn. Ohun gbogbo kọ́kọ́ kéré jù, mo sún un sí 125 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dára. Orí fífọ́ tó máa ń bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ti dín kù gidigidi.

Ó láwọn ibi tó kù sí. Funfun rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ìwé tó ti pẹ́, ojú mi sì ti mọ́ ọn lára. Tí mo bá jókòó síta lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó. Bátìrì mi náà ń tètè tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ìṣẹ́jú 20.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra okùn LED láé o. Bí sikirínì yín bá jẹ́ irú èyí tí wọn kì í tà mọ́, tí ọwọ́ yín sì ti mọ lẹ́ẹ̀dì dáadáa, òun ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ lọ́la, odindi sikirínì ni kó rà.

Ìmọ́lẹ̀ ń jò díẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì sikirínì tuntun yìí, mo sì kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ẹni tó tà á. Ó ní kí n yọ ọ́, kí òun fi òmíràn ránṣẹ́. Mo wo férémù tí mo ti tẹ̀ mọ́ra yí po, mo ní kó má ṣèyọnu. Ojú dúdú nìkan ni jíjò yẹn ti ń hàn, orí funfun ni mo sì ti ń kọ̀wé.