Ẹ má fo ilé Donnell o (Maine Maritime Museum, ìlú Bath)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa gba ìpínlẹ̀ Maine kọjá ní Amẹ́ríkà, ẹ yà ní Bath. Ìlú kékeré ni, etí odò Kennebec ló wà, òkun ò sì jìnnà sí i. Ìlú Ọkọ̀ Ojú Omi ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì parọ́. Músíọ̀mù wọn la lọ, a lò tó wákàtí mẹ́rin níbẹ̀, ebi ló lé wa jáde.

Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ wọ ilé Donnell tó wà nínú ọgbà músíọ̀mù náà tẹ́lẹ̀. Mo ti wọ ilé àtijọ́ tó pọ̀, àga tẹ́nìkan ò gbọ́dọ̀ jókòó lé, abọ́ tánganran nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi ló ní òjò ti ń ṣú, ká sá wọlé. William Donnell tó ni ín, ọkọ̀ onígi ló ń kàn, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju ìtòsí ilé lọ, ó lè jẹun tán kó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ilé ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó dákẹ́ minimini, àmọ́ ìgbà tá a jáde tá a bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń lagi tí wọ́n ti ń se ọ̀dà ló wá yé mi pé ariwo òòlù ló kọ́ gbogbo fàájì inú ilé yẹn.

Ibi iṣẹ́ tó kù síbẹ̀ ni ti Percy & Small, 1894 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó kógbá sílé ní 1920, àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì dúró. Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ibi tí wọ́n ti ń ya ọkọ̀ sílẹ̀. Orí pákó ilẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń ya egungun ọkọ̀ sí, bó ṣe máa tóbi tó lójú omi gẹ́lẹ́, wọ́n á wá fi pákó fẹ́lẹ́ gé àwòṣe rẹ̀, òun ni wọ́n máa gbé lọ bá igi ńlá. Ìsó wọn náà, onígi lèyí tó pọ̀ jù! Tómi bá ti kàn án, á wú, á fún pinpin. Àlàfo àárín pákó ńkọ́? Okùn tí wọ́n tú sí fọ́nrán tí wọ́n rẹ sínú ọ̀dà ni wọ́n ń fi òòlù kì bọ̀ ọ́.

Níta, wọ́n fi irin ṣe iwájú àti ìdí ọkọ̀ Wyoming, ó tóbi bíi ti gidi. 1909 ni wọ́n kàn án níbẹ̀, òpó ìgbòkun mẹ́fà, èédú ló ń kó. Mo rìn láti iwájú dé ìdí, mo ka ìgbésẹ̀ kọjá 130, ẹsẹ̀ fẹ́ máa ro mí. Gígùn yẹn náà ló kó bá a, torí igi tó bá gùn tó yẹn, ìgbì á máa tẹ̀ ẹ́, pákó á máa yà, omi á máa wọlé, wọ́n á ṣáà máa fa omi jáde ni. Ìjì gbé e lọ ní 1924 létí Massachusetts, kò sẹ́ni tó yè nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ọgbà náà fẹ̀. Ẹ sì wo wẹ́ẹ̀bù wọn kẹ́ ẹ tó lọ bóyá ilé náà ṣí lọ́jọ́ yẹn. Bath Iron Works wà nítòsí, àtọdún 1884, ọkọ̀ ogun ni wọ́n ń kàn báyìí. Ti oúnjẹ ìlú, ẹ dákẹ́, ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n gbé fún wa níbì kan tí mi ò ní dárúkọ tutù bí omi kànga.

Músíọ̀mù náà, ìràwọ̀ márùn-ún láì ṣiyèméjì. A ṣì ń padà lọ nígbà ooru, torí òjò yẹn ò jẹ́ ká wọ ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn yí odò ká.