Ẹ́ńjìnnì wo ló yẹ píkọ́ọ̀pù àlá wa?

Ká ní ṣáásì Ford F-350 ọdún 1997 la mú, pẹ̀lú axle (ọ̀pá tó gbé táyà) Dana 60 níwájú àti Sterling 10.25 lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì wo la máa gbé sórí ẹ̀?

Power Stroke 7.3, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Ford fúnra ẹ̀, ò ní wàhálà, ilé ẹ̀ náà nìyẹn. Àmọ́ ọ́ìlì ló ń ti injector ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì: bí agbára ọ́ìlì náà ò bá tó nǹkan bíi 500 psi (ìwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ń tì tó), ẹ́ńjìnnì ò ní jí. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) náà lè kú lójijì, kí ọkọ̀ dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ máa gbé sẹ́ńsọ̀ mìíràn dání.

Cummins 5.9, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú píkọ́ọ̀pù Dodge Ram láti 1994 sí 1998 ò nílò kọ̀ǹpútà kó tó ṣiṣẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù Bosch P7100 ló ń fún un ní dísẹ́ẹ̀lì. Wáyà iná ò pọ̀ lára ẹ̀. Ariwo ẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ìlọta, ó sì wúwo, nítorí náà spring iwájú gbọ́dọ̀ le sí i. Ìṣòro ẹ̀ gan-an ni pín-ìn irin kékeré kan lẹ́yìn ìdérí jíà iwájú. Ó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀, tó bá já sáàárín jíà, ó lè fọ́ ilé jíà. Ẹ ṣí ìdérí náà, ẹ fi irin pẹlẹbẹ dí ojú ihò ẹ̀, kí ẹ sì fi bóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ dì í mú.

Cummins la máa mú, ariwo tariwo.