M-LOOP: oṣù mẹ́rin rèé tó ti ń bá mi yí skúrù dígí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe quantum optics bíi tèmi, tẹ́ ẹ máa ń wà nínú òkùnkùn láàbù títí ilẹ̀ á fi mọ́ torí pé ẹ fẹ́ kí photon, ìyẹn hóró ìmọ́lẹ̀, wọnú fáíbà, okùn dígí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, ẹ dákun ẹ gbìyànjú M-LOOP. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń fúnra ẹ̀ wá nọ́ńbà tó dáa jù láti fi tún ẹ̀rọ láàbù ṣe ni, ọ̀fẹ́ ni, Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe postdoc lọ́dọ̀ wa ló sọ ọ́ fún mi.

M-LOOP á kọ nọ́ńbà tó fẹ́ dán wò sínú fáìlì kan, ẹ̀rọ yín á kà á, á yí dígí síbẹ̀, á ka photon, á kọ èsì sínú fáìlì kejì, òun náà á ronú sí i, ó tún di òmíràn. LabVIEW àtijọ́, ètò tó ń darí ẹ̀rọ láàbù, la ṣì ń lò, mi ò sì tú nǹkan kan palẹ̀ nínú ẹ̀, inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Àwọn ará Australian National University ní Canberra fi ṣe Bose-Einstein condensate, ìyẹn átọ́ọ̀mù tí wọ́n mú tutù débi tí gbogbo wọn fi ń ṣe bí ẹyọ kan, wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn jáde ní 2016, ìgbà tó fi gbìyànjú kó tó rí èyí tó dáa jẹ́ ìdá kan nínú 10 ti ọ̀nà kan tí wọ́n ti lò ṣáájú, ó tún fi hàn wọ́n èwo nínú nọ́ńbà wọn ni ò wúlò. Ní 2018, ní yunifásítì yẹn náà, wọ́n gbé nọ́ńbà 63 lé neural network, ètò tó ń kọ́gbọ́n látinú àpẹẹrẹ, lọ́wọ́ láti kó átọ́ọ̀mù tútù jọ, ìlà ìyípadà nọ́ńbà tó mú wá rí ségesège, kò jọ èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ táwa èèyàn máa ń yà, síbẹ̀ ó dáa jù ú lọ.

Tèmi, lésà 405 nm ló ń wọ crystal, photon méjìméjì á jáde ní 810 nm. Lálẹ́ àkọ́kọ́ mo ní kó wá ibi tí gbogbo photon ti pọ̀ jù, mo lọ sùn. Láàárọ̀ nọ́ńbà ga, inú mi dùn, àfìgbà tí mo wo iye àwọn tó dé ní méjìméjì, kò sí! Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára irin ló ti lọ dojú dígí kọ. Ohun tí mo ní kó wá náà ló wá. Mo yí i sí kìkì àwọn tó dé pọ̀, mo fi àmì ìyọkúrò síwájú ẹ̀ torí èyí tó kéré jù ló máa ń lé, iṣẹ́ tí mo máa ń fi odindi ọjọ́ ṣe wá parí kí n tó jẹun ọ̀sán dé.

Tí ìgbìyànjú bá ti pọ̀, Gaussian process ẹ̀, ọ̀nà ìṣirò tó fi ń méfò ibi tó máa dáa, máa ń falẹ̀, ẹ bọ́ sórí neural network ẹ̀ nígbà yẹn. Tí lésà bá sì já lójijì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín kọ bad = True, kó má bàa fi ìyẹn kọ́gbọ́n.