Òkè Sainte-Victoire ní ilé àwòrán Courtauld: iṣẹ́ ọwọ́ Cézanne tó yẹ kí a fara balẹ̀ wò

Ẹni tí àyè rẹ̀ kò pọ̀ ní ilé àwòrán Courtauld, tó wà nínú Somerset House ní London, ni mo gbà níyànjú pé kó kọ́kọ́ lọ síwájú àwòrán òkè Sainte-Victoire, òkè kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, tí Paul Cézanne, ayàwòrán ará Faransé, yà ní nǹkan bí ọdún 1887. Ọ̀dọ̀ àwòrán tí ayàwòrán Van Gogh ti ya ara rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì létí ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń wá, n kò sì bá wọn wí, ṣùgbọ́n òkè yìí ló ń kọ́ ojú ní bí a ti ń wo àwọ̀.

Àwòrán náà kò fẹ̀ tó mítà kan. Àfonífojì odò Arc ló wà níbẹ̀, nítòsí Aix-en-Provence tí wọ́n bí Cézanne sí: oko, ilé wẹ́wẹ́, afárá ọkọ̀ ojú irin lápá ọ̀tún, òkè ńlá lọ́ọ̀ọ́kán, àti igi páìnì kan lápá òsì tí ẹ̀ka rẹ̀ nà gba ojú sánmà kọjá. Bí òkè ti ń ga tó sì ń rẹlẹ̀ ni ẹ̀ka náà ń tẹ̀ lé e, débi pé ohun tó sún mọ́ wa jù lọ àti èyí tó jìnnà jù lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn.

Àwọ̀ ni Cézanne fi wọn jíjìn tó wà láàárín wọn. Àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé ló gba oko. Bí ojú ti ń lọ síwájú ni búlúù ń wọlé díẹ̀díẹ̀, títí tí òkè fi di búlúù òun pupa rẹ́súrẹ́sú. Pupa yìí kan náà ló tún fi kan ewé páìnì níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sì ń kánjú kò ní rí i láéláé. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé kì í fa búrọ́ọ̀ṣì gùn: ó ń gbé ọ̀dà kalẹ̀ ní kúkúrú kúkúrú, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tí ọ̀pọ̀ wọn fì sí apá kan náà, bí òwú ti ń tò lójú òfì. Nígbà tí wọ́n pàtẹ àwòrán náà ní Aix ní 1895, akéwì ọ̀dọ́ kan, Joachim Gasquet, fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, Cézanne sì buwọ́ lù ú, ó fi ta á lọ́rẹ. Samuel Courtauld, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé àwòrán náà, rà á ní 1925.

Owó ni a fi ń wọlé, àwòrán kan yìí sì tó owó náà.