Ajẹ́ntì tó gba owó ìwé àṣẹ igi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀

Owó ìtanràn tó lè tó 5,000 dọ́là, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sì lè tẹ̀lé e. Ohun tí òṣìṣẹ́ páàkì Redwood sọ fún wa nìyẹn ní ọ́fíìsì ìgbàlejò lẹ́bàá Orick, ní àríwá California, nígbà tí mo ní kó júwe ọ̀nà Hyperion, igi redwood tó ga jù láyé, fún wa. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, wọ́n ti di okùn bàtà tuntun tí a rà fún wọn ní Houston tìtorí igi yìí gan-an. Àwọn ọmọ ti ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Mo fi ètò tí ajẹ́ntì ìrìn-àjò wa fi ránṣẹ́ lórí Wẹ́sàápù han obìnrin òṣìṣẹ́ páàkì náà. Ó wà níbẹ̀ gàdàgbà: “Ọjọ́ kẹta, ìdí igi tó ga jù láyé. Ìwé àṣẹ: 75 dọ́là.” Ó kà á, ó tún un kà, ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀ gbé lé orí káńtà. Ó ní kò sí ìwé àṣẹ kankan, kò sì sí i rí. Igi náà ga ju mítà 115 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò la ọ̀nà débẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí i ní 2006 ni àwọn èèyàn ti ń já igbó wá a. Gbòǹgbò redwood kì í wọlẹ̀ jìn, ṣe ló ń tàn kálẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn sì ń ṣe é léṣe. Wọ́n tún ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń ṣu síbẹ̀, títí wọ́n fi ti gbogbo agbègbè náà pa ní 2022. Ó ní bí a bá tilẹ̀ débẹ̀, a ò ní rí orí igi náà láti ìsàlẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró níbẹ̀. A wakọ̀ padà sí gúúsù títí fóònù fi mú, mo sì pe ajẹ́ntì.

“Àǹtí mi, ẹ kú ìrìn o! Ṣé Màmá ń gbádùn?”

Mo ní, “Igi yẹn ńkọ́?”

“Igi wo, ma?”

Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Háà, àwọn yẹn kàn ń le koko ni, ma. Ẹ rọra gba ẹ̀yìn wọlé. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.”

Gbólóhùn yẹn ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Físà àbẹ̀wò ni Màmá fi wọ Amẹ́ríkà. Kí n wá kó ìyá ọlọ́mọ gba ẹ̀yìnkùlé ìjọba wọgbó, kí ọlọ́pàá wá máa béèrè pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ wọn tìtorí fọ́tò? Mo sọ ohun tí mi ò lè kọ síbí. Bàbá àwọn ọmọ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀, ká sọ òótọ́, ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Àwọn ajẹ́ntì tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kò mọ ìyàtọ̀ redwood etí òkun sí sequoia orí òkè; ọ̀kan ní kí a lọ wo igi sequoia tí wọ́n ń pè ní General Sherman, tó jìnnà pátápátá sí ibi tí à ń lọ. Ìyẹn ló tóbi jù ní ìwọ̀n, kì í ṣe òun ló ga jù. Tiwa mọ̀ ọ́n. Ó ti gba àyè ìgbọ́kọ̀sí sílẹ̀ fún wa ní Muir Woods, igbó redwood lẹ́bàá San Francisco, nítorí láti 2018, bí o kò bá gba àyè sílẹ̀, o kò ní rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Ó tún rán wa létí pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, kí a tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù kí a tó kúrò ní San Francisco. Ojú wa ni wọ́n ṣe dá àwọn ẹlòmíì padà. Ní gbogbo òtẹ́ẹ̀lì, yàrá ìsàlẹ̀ ló gbà fún wa, kí Màmá má baà gun àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n ó tún gbàgbé Fern Canyon, àfonífojì kan nínú páàkì Redwood. Láti May 15 sí September 15, dandan ni kéèyàn gba ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí, a ò sì ní in. Ó gba owó fún èyí tí kò sí, ó gbàgbé èyí tó wà!

Obìnrin alákẹtẹ̀ yẹn ló tún ọjọ́ wa ṣe. A padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fa ìlà sórí máàpù, ó ní kí a lọ sí Lady Bird Johnson Grove, igbó redwood kan tí wọ́n fi sọrí ìyàwó Ààrẹ Johnson ní 1969. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, bíi kìlómítà méjì àbọ̀, Màmá sì rìn ín tán pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Ìkùukùu ń kán láti orí ewé bí ẹni pé òjò ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kankan kò rọ̀. Èèpo igi náà pupa, ó nípọn, ó rí fọ́nrán-fọ́nrán, Màmá tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn, wọ́n kí i pé, “Ẹ kú àtijọ́ o.” Wọ́n ṣa èso rẹ̀ kan nílẹ̀, kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Àbígbẹ̀yìn mi ní, “Grandma, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ mú nǹkan lọ.” Wọ́n jù ú sílẹ̀ tìbínú-tìbínú.

Owó 75 dọ́là wá di ọ̀rọ̀. Ajẹ́ntì kọ́kọ́ ní òun á fi ṣe ẹ̀dínwó fún wa nígbà ìrìn-àjò tó ń bọ̀. Mo ní, ìrìn-àjò wo? Ó ní wọ́n ta ìwé àṣẹ náà fún òun ni. Mo ní kó fi rìsíìtì ránṣẹ́. Kò rí rìsíìtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, owó wọlé pé pérépéré, ó kọ “Ẹ má bínú, Àǹtí mi” sí i lábẹ́.

Mi ò lè ní kí ẹnikẹ́ni fọkàn tán an láìyẹ ètò rẹ̀ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bàbá àwọn ọmọ ní mo ti ṣojúsàájú. Màmá ní kí n bá àwọn béèrè iye tó máa gbà fún Niagara.