Kẹ̀kẹ́ TT gidi àbí ráísà pẹ̀lú aerobar: èwo ló yẹ ará Òṣogbo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ TT (time trial, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń dá sáré bá aago), ẹ ní sùúrù ná. Lórí títì tó tẹ́jú, tẹ́ ẹ bá ti sáré kọjá bíi 30 km ní wákàtí kan, atẹ́gùn lẹ̀ ń bá jà jù, àyà yín tẹ́ ẹ gbé sókè yẹn ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í ṣe fúrémù. Lọ́dún 1989, lọ́jọ́ tí Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, parí, LeMond tẹ̀ mọ́ orí aerobar (ọ̀pá iwájú tí wọ́n ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé kí àyà lè wálẹ̀), Fignon tí wọ́n jọ ń du ipò kìíní ò lò ó, ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ni LeMond fi nà án nínú àpapọ̀ ìdíje náà.

TT gidi bíi P5, Shiv àti Speedmax dùn ún gùn o, irọ́ kọ́. Ìjókòó ẹ̀ sún síwájú, ẹ ó tẹ̀ síwájú dáadáa tí itan ò ní máa gbá yín níkùn, ẹ gbé e bọ́ sí títì Gbọ̀ngán ní ìdájí kí mọ́tò tó pọ̀, ẹ ó rí i. Àmọ́ ọwọ́ yín jìnnà sí bíréèkì! Tí ọlọ́kadà bá já síwájú yín lójijì, kẹ́ ẹ tó gbọ́wọ́ débẹ̀, ó ti bọ́. Wáyà ẹ̀ ńkọ́? Inú fúrémù ló gbà. Mo gbé ọ̀kan tí mo yá lọ bá bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní "Ọmọ mi, wáyà ẹ̀ dà?"

Ráísà, kẹ̀kẹ́ eré ìje lásán, ni tèmi. Wáyà ọ̀pọ̀ wọn wà níta, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wọ oríta Ọláìyá ẹ kàn gbọ́wọ́ padà sórí bíréèkì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ gùn ẹ tú aerobar kúrò. Ìjókòó ẹ̀ ló sẹ́yìn jù, ẹ sún un síwájú díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tó ra aerobar, ẹ wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn dáadáa, èyí tó pẹlẹbẹ ò ní gbà á, roboto ló yẹ kó jẹ́, fífẹ̀ 31.8 mm ló wọ́pọ̀.

TT tókúnbọ̀ àtijọ́ tí wáyà ẹ̀ hàn síta náà ò burú, tí fúrémù ò bá ti sán.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹnu tíúbù wọn sábà máa ń tín-ín-rín, ẹ̀rọ fọ́káníṣà ò ní mú un, ẹ ra adápítọ̀ onídẹ kékeré yẹn, èmi ò kì í jáde láìfi sápò.