Rilé aṣọ́ mọ́tò tí mo fi sí ẹ̀rọ àdín mi, lẹ́yìn oṣù márùn-ún

Nọ́ọ̀tì irin kan wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Sípánà 24 ló ń tú u. Ara asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ẹ̀kùrọ́ ló ti já bọ́, tó sì gba ẹnu ẹ̀rọ wọlé. Àpá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó jìn tó ìdajì èékánná, níbi tí ọ̀pá skúrúù ti gé e jẹ. Ká ní ọdún tó kọjá ni nọ́ọ̀tì yìí wọlé, eyín gíábọ́ọ̀sì mi ni ì bá fi san gbèsè rẹ̀. Rilé náà, ohun kékeré kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná mẹ́ta lọ, tó ń gé iná mọ́tò ẹ̀rọ bí ẹrù bá pọ̀jù, ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tó tà á fún mi fi ojú mi rí nǹkan, mo sì fẹ́ sọ méjèèjì pọ̀.

Àdín ni mò ń fún ní ìtòsí Ìkirè. Mọ́tò oníná tó ń wa ẹ̀rọ mi jẹ́ kìlówáàtì 15, ó ń yí ní ìgbà 1,460 láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́líìtì àti gíábọ́ọ̀sì sì sọ ọ́ di nǹkan bí ìgbà 49 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá skúrúù. Bí ìyípo náà ṣe ń lọ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìlọ́po ni agbára tí ń lọ́ ọ̀pá náà ń pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà, nígbà tí nǹkan bá há, gíábọ́ọ̀sì ni gbogbo rẹ̀ ń yà lé lórí. Ohun tó fọ́ gíábọ́ọ̀sì mi àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí: wọ́n mú iná lọ nígbà tí àgò irin tí ọ̀pá skúrúù ń yí nínú rẹ̀ kún dẹ́nu, ohun tó wà nínú rẹ̀ tutù, ó le bí sìmẹ́ǹtì, iná dé lẹ́yìn wákàtí méjì, ọmọ tó ń wa ẹ̀rọ sì tẹ bọ́tìnnì láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i padà sẹ́yìn. Mo wà ní ìta tí mò ń bá àwọn tó wá ra PKC, ìyẹn pàǹtí ẹ̀kùrọ́ tí a ti fún àdín rẹ̀ tán, dúnàádúrà. Ìró kan ṣoṣo ni mo gbọ́, bí ẹni fi eyín pa ẹ̀kùrọ́.

Ovalóòdù, ohun tó ń gé iná bí mọ́tò bá ń fà á jù, wà nínú panẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà, a sì yí i sí áńpù 29 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára mọ́tò. Kò gé. N kò bá a wí, torí iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún kọ́ nìyẹn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀ tí ń gbóná tí ó sì ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ kíláàsì 10, èyí tó túmọ̀ sí pé bí iná tí mọ́tò ń fà bá di ìlọ́po 7.2, yóò gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sí mẹ́wàá kí ó tó gé, bí ó bá sì jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ péré, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wáyà inú mọ́tò ló ń ṣọ́ kí ó má baà jóná. Eyín gíábọ́ọ̀sì kì í gbóná kí ó tó kán. Àwọn àgbà ní ẹ̀kùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà, mo sì ti rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò àti gíábọ́ọ̀sì rí, àṣé ọ̀kan lè kú kí èkejì má tilẹ̀ làágùn.

Mo wá lọ ra rilé oníná yìí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó, ní 185,000 náírà, pẹ̀lú 40,000 fún ẹni tí yóò wá fi í sí panẹ́ẹ̀lì. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí Ọlọ́run bù kún un. Ó bi mí bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí mọ́tò tó balẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tan án, ó bi mí iye áńpù tó ń fà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, nígbà tí mo sì sọ pé n kò mọ̀, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní ẹnjiníà yóò dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ẹtì ló dé, ní aago méjì ọ̀sán, láìní sukurudíráfà lọ́wọ́. Tiwa ló yá. Ó so rilé náà dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: wáyà rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, ó fi lẹ́bẹ́ẹ̀lì sí i, ó sì kó àwọn tí kò wúlò kúrò. Ibi tí a ń yí ni wàhálà wà. Ojú mẹ́ta ni rilé náà ní tí a ń fi sukurudíráfà yí: èkínní fún iye áńpù tí a kò gbọdọ̀ kọjá, èkejì fún ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi di ojú nígbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, torí mọ́tò máa ń fa ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́jọ nígbà náà, ẹ̀kẹta fún iye àkókò tí yóò fi mú sùúrù kí ó tó gé bí ẹrù bá pọ̀jù lẹ́yìn tí mọ́tò ti balẹ̀. Ó yí èkínní sí 32, ó yí èkejì sí márùn-ún, ó sì yí ẹ̀kẹta dé òpin, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá.

Mo ní, “Ẹnjiníà, kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́wàá?”

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má ṣe da ara yín láàmú. Bí a bá dín in kù, á máa gé lójoojúmọ́, ẹ ó sì máa pè wá.”

“Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá kan ni gíábọ́ọ̀sì mi fi kán.”

“Mọ́mì, a ti fi irú rẹ̀ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ẹ fi sílẹ̀ fún wa.”

Ó jẹ iyán, ó gba owó ọkọ̀, ó sì gbé sukurudíráfà wa lọ.

Ọjọ́ kẹta, àgò irin tún há. Mo dúró níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mọ́tò ń kùn, bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yọ̀ lórí púlì, èéfín rọ́bà sì gba gbogbo ilé, rilé tí mo fi owó ńlá rà ń wò wá pẹ̀lú iná pupa rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, ó ń ka mẹ́wàá rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ọmọ tó ń wa ẹ̀rọ ló sáré fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì pupa. Bí kì í bá ṣe pé bẹ́líìtì náà ti gbó tí ó sì ń yọ̀, gíábọ́ọ̀sì tuntun ì bá ti tẹ̀lé ti àtijọ́. Mo pe ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n ní kí n dúró, orin ni mo gbọ́ títí tí owó fóònù mi fi tán. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n ya fídíò ránṣẹ́ sí WhatsApp, bí ẹni pé mo lè tún àgò náà há fún wọn kí n tó ya á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnjiníà fúnra rẹ̀ gbé e, ó ní mọ́tò mi ló ti gbó. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀gá wọn ní gáráńtì kò bo ohun tí “àwọn ọmọ yín bá fọwọ́ kàn”. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mi ò tilẹ̀ ní sukurudíráfà mọ́.

Bàbá kan tó ń fi ẹ̀rọ léètì gé irin ní òdìkejì ọ̀nà ló gbà mí. Wọ́n fi ìwé pẹlẹbẹ inú páálí rilé náà síwájú, wọ́n wọ awò, wọ́n sì kà á fún odidi wákàtí kan kí wọ́n tó dìde. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, pẹ̀lú ẹ̀kùrọ́ tó kún ẹnu rẹ̀ déédéé, wọ́n sì rọra ń yí ojú èkínní wálẹ̀ títí tí iná pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú ní 22. Ẹ wò ó, áńpù 22 ni iṣẹ́ wa ń gbà, ẹnjiníà sì yí ojú náà sí 32! Bàbá gbé e sí 26, wọ́n sọ àkókò ìgbéra di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, wọ́n sì mú sùúrù rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí gíábọ́ọ̀sì ti so pọ̀ mọ́ ọ̀pá skúrúù, wọ́n fi àkísà nu orí bọ́ọ̀tù tó wà níbẹ̀, wọ́n sì pè mí wá wò ó. 10.9 ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, àmì bọ́ọ̀tù líle. Píìnì tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní aláìlágbára, kí òun lè kú dípò eyín, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kan tó sú láti máa pààrọ̀ rẹ̀ ti fi bọ́ọ̀tù líle rọ́pò rẹ̀, ọdún wo ni n kò mọ̀. Bàbá fi irin rírọ̀ gé píìnì tuntun, wọ́n sì fi léètì fa ìlà yí ọrùn rẹ̀ po kí ó lè mọ ibi tí yóò ti já. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí rilé ti wù kí ó yára tó, bí ó bá gé iná, ara mọ́tò tó ti ń yí kì í dúró lójú ẹsẹ̀, agbára ìyípo náà sì gbọ́dọ̀ ríbi lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni nọ́ọ̀tì wọlé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, iná ńlá wà, a sì fẹ́ fi í parí ẹrù oníbàárà kan tó ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ “gbà”, kọ̀ntákítọ̀ tó ń gbé iná fún mọ́tò tú sílẹ̀, ilé sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló yà mí lẹ́nu, torí mo ti ń dúró de ìró eyín. Iná pupa dúró gangan, kò ṣẹ́jú mọ́. A tú àgò náà, ó gbà wá títí di aago kan, ọmọ tó ń wa ẹ̀rọ fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ ó sì yọ nọ́ọ̀tì yìí jáde, ó ṣì gbóná, àdín sì ń kán lára rẹ̀. A yọ píìnì wò: ó ti yẹ̀ lọ́rùn ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan, kò já. Gíábọ́ọ̀sì kò ṣe nǹkan kan. Mo jókòó sórí àpò ẹ̀kùrọ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi.

Láti ìgbà náà, ó ti gé ní ìgbà mẹ́sàn-án, kò sì sí ìkankan tí kò ní ìdí. Ní ìrọ̀lẹ́, tí fóltéèjì bá wálẹ̀ sí 340, mọ́tò máa ń fa iná sí i kí ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì máa ń kan 26. A ti kọ́ láti dín ẹ̀kùrọ́ tí ń wọlé kù nígbà náà. Mo tún mọ̀ọ́mọ̀ yọ fíúsì féèsì kan láti dán an wò, torí pé féèsì tó kú ló jó mọ́tò ọ̀rẹ́ mi kan. Kò pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tó fi gé.

Ohun tí kò dára lára rẹ̀ ni pé ìdérí ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà jẹ́ ọ̀rá lásán tó ti já, ẹnikẹ́ni ló sì lè yí i. Ìwé rẹ̀ kéré púpọ̀ ní lẹ́tà. Ní ti ṣọ́ọ̀bù náà, wọn kò tí ì dá 40,000 mi padà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì tọrọ àforíjì, àyàfi ọmọbìnrin yẹn tó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan láti béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe. Mo ní kí ó bá mi kí ẹnjiníà, kí ó sì bá mi gba sukurudíráfà mi.

Méjì nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Àmọ́ mo ti sanwó rilé òmíràn ní ọjọ́ Ajé fún ẹ̀rọ tí ń fọ́ èèpo ẹ̀kùrọ́. Bàbá oníléètì ni yóò fi í sí.